Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìgbàlejò Ìjọ Kan: Mo Ti Sùn Níbẹ̀, Mo Sì Ti Ṣí Ilẹ̀kùn fún Ẹlòmíràn

Ó tó ọdún méjì báyìí tí mo ti mọ ètò ìgbàlejò tí ìjọ Kristẹni kan dá sílẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò tí kò ní ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ ní ìlú tí wọ́n wọ̀. Mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àlejò, nígbà tí mo sùn fún òru márùn-ún nínú ilé tọkọtaya kan tí n kò rí rí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èmi àti ìyàwó mi fi orúkọ sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò sínú ilé tiwa. Nítorí náà, mo ti wo ètò yìí láti inú, mo sì ti wò ó láti òde, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí, èyí tó dára níbẹ̀ àti èyí tó ń dùn mí. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan sí wọn tí kò kéré, ó sì yẹ kí wọ́n rí àyè tún un ṣe kí orúkọ wọn tó di ohun tí ayé ń gbé kiri.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn ìdílé kan nínú ìjọ ti yọ̀ǹda yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé wọn. Ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́rin ló ń mójú tó fóònù tí àwọn ènìyàn ń pè, àwọn náà ló sì ń pinnu ilé tí àlejò yóò wọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ẹni tó wá ṣe ìdánwò, ẹni tó wá bẹ ìbátan rẹ̀ wò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ẹni tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ lójú ọ̀nà: irú wọn ni wọ́n ń gbà. Wọn kì í gba owó, wọn kì í béèrè ẹ̀sìn, àlejò kò sì gbọdọ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ilé ìwòsàn ni mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti sọ fún gbogbo àwa tí a wá wo aláìsàn pé kí a jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀, n kò sì mọ ibi tí mo fẹ́ forí lé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń parí iṣẹ́ rí mi, ó béèrè ibi tí mo fẹ́ sùn, nígbà tó sì rí i pé n kò ní èsì kankan, ó pe nọ́ńbà kan lórí fóònù rẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Ọmọ ìjọ náà ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sì ṣe onídùúró fún mi níwájú ìgbìmọ̀. N óò padà sórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àbùkù ètò náà wà. Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin tó gbé fóònù sọ fún mi ni pé, “Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ṣé ẹ ti fi nǹkan sẹ́nu láti àárọ̀?” Kò tíì mọ orúkọ mi nígbà náà.

Baálé ilé tí mo fẹ́ wọ̀ ló fúnra rẹ̀ wá gbé mi. Ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán ó ti di báàgì mi mú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, kò wúwo.” Ó dáhùn pé, “Mo mọ̀ pé kò wúwo. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá yín gbé e.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bá mi gbé ohunkóhun.

Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, àwọn onílé mi yìí sì ń fi òwe náà ṣiṣẹ́ ṣe. Kí wọ́n tó ní kí n jókòó, Bàbá mú mi yí ilé ká: ibi tí a ti ń tan iná lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi tí a ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà tí a gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀ kí ó tó yí. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú òun. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan kúrò nínú tirẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Bí wọ́n bá pè yín láti ilé ìwòsàn lóru, ẹ máa lọ, ẹ má wulẹ̀ jí wa.” Kò tíì pé wákàtí kan tí mo di ẹni mímọ̀ fún wọn.

Ibùsùn, tábìlì kékeré kan, àga kan àti àtùpà ni ohun tó wà nínú yàrá náà, kò sí ìkarùn-ún. Ẹni tó bá ka ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, yóò rántí pé ohun mẹ́rin yìí gan-an ni obìnrin ará Ṣúnémù ní kí ọkọ òun gbé sínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún Èlíṣà. N kò mọ̀ bóyá àwọn onílé mi mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀lé e, n kò sì béèrè. Mo ti ka ìtàn náà láìmọye ìgbà rí láìkíyèsí àga àti tábìlì. Òru ọjọ́ kejì ni ó yé mi, nígbà tí oorun kọ̀ tí mo sì jókòó sídìí tábìlì náà ní aago mẹ́ta, tí mo tan àtùpà, tí mo ń kọ orúkọ àwọn oògùn tí dókítà dá. Ibùsùn máa ń sọ fún àlejò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Tábìlì àti àga ń sọ fún un pé àwọn onílé mọ̀ pé ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe, pé kì í ṣe ẹrù tí a gbé pamọ́ di òwúrọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi àga wá ọ̀làwọ́ nínú yàrá àlejò èyíkéyìí tí mo bá wọ̀.

Oúnjẹ wọn dára, kò sì sí àṣehàn níbẹ̀. Wọ́n ń bu tèmi sílẹ̀ láti inú ohun tí àwọn náà jẹ, wọ́n sì ń dé e sílẹ̀ de wákàtí yòówù tí mo bá wọlé. Èyí ṣe pàtàkì fún mi, nítorí pé a ní òwe kan tó ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń san án, mo sì ti wọ ilé tí gbèsè náà hàn lójú onílé kí n tó jẹun tán. Nígbà tí Jésù bá Màtá wí nínú Lúùkù orí kẹwàá, kò bá a wí pé ó gbọ́únjẹ. Ohun tí Ó tọ́ka sí ni àníyàn nípa ohun púpọ̀, èyí tó jẹ́ kí Àlejò jókòó sínú ilé rẹ̀ láìrí ojú rẹ̀. Àwọn onílé mi kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe àníyàn lé lórí, nítorí náà wọ́n ní ojú láti fi wò mí. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, tí dókítà sọ pé wọ́n lè tún ẹ̀gbọ́n mi gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Bàbá rí i nínú ìrìn mi bí mo ṣe ń wọlé. Ó wá jókòó tì mí, a sì jọ wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde ni ó béèrè bóyá mo fẹ́ kí òun gbàdúrà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní mo sọ pé rárá, mo mọ̀ pé oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì kò ní dín kù.

Mo ti sọ̀rọ̀ àlejò. Ó kù kí n sọ ti onílé, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ohun tó mú kí n gbé oríyìn fún àwọn tó ṣètò yìí jù. Gbogbo Kristẹni ló mọ̀ pé àlejò ṣíṣe kì í ṣe ohun tí a ń ṣe bó bá wù wá. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù bí ìtọ́ni, ó sì kà á mọ́ ohun tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní kí ó tó gba oyè náà. Jésù sọ nínú Mátíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé ẹni tó gba àlejò sílé, Òun ni ó gbà. Ṣùgbọ́n Pétérù tún fi gbólóhùn kan kún un tí ọ̀pọ̀ wa ń fò: pé kí a ṣe é láìsí ìkùnsínú. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ pa á láṣẹ fún ọkàn rẹ̀ pé kí ó má kùn? Ní oṣù kejì tí a bẹ̀rẹ̀, àlejò kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń wọlé lẹ́yìn aago méjìlá òru lójoojúmọ́, tó ń sọ̀rọ̀ sókè lórí fóònù, ọmọ wa kékeré sì ń jí. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà tí ìyàwó mi fi wò mí. N kò sọ̀rọ̀ kankan, ṣùgbọ́n àwo náà ti sọ ọ́, ojú sì tì mí níwájú Ọlọ́run.

Ohun tí ètò náà ṣe nípa èyí ni pé wọ́n so ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ilé mìíràn. Ìdílé tí kò ní yàrá tí wọ́n lè yọ̀ǹda, àwọn ni wọ́n fi ṣe alábàárù fún ìdílé tó ní. A pe àwọn tiwa ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n dé pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, wọ́n fọ aṣọ ibùsùn, ọkọ sì bá àlejò náà jókòó, ó bá a sọ ọ̀rọ̀ òru náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èyí tí èmi kì bá lè ṣe láìbínú. Àlejò náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ògiri ilé wa fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí tó fi lọ. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Benedict ará Nursia ní Ítálì, tó kọ ìlànà fún àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ní ọ̀rúndún kẹfà, sọ ní orí 53 pé kí a gba gbogbo àlejò bí ẹni gba Kristi, kò sì dúró síbẹ̀: ó ní kí ilé ìdáná àlejò wà lọ́tọ̀, nítorí pé wákàtí tí àlejò ń dé kò ní ìdíwọ̀n, kí arákùnrin méjì máa bójú tó o fún ọdún kan, kí a sì fún wọn ní olùrànlọ́wọ́ bí wọ́n bá nílò rẹ̀, kí wọ́n lè sìn láìkùn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó ti rẹ̀ yóò kùn, bó ti wù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Ìjọ tó bá ń wàásù àlejò ṣíṣe láìfi ènìyàn kejì ti onílé lẹ́yìn, ẹ̀bi ìkùnsínú náà kò ní jẹ́ ti onílé nìkan.

Láti ìgbà tí a ti ní alábàárù ni ayọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà fún wa, mo sì ń sọ èyí tọkàntọkàn. Ìyá àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ wa fún òru mẹ́fà nítorí ojú rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú. Ní alẹ́ ìkẹyìn, ó ní kí a jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun fọ àwo, mo fẹ́ kọ̀, ìyàwó mi sì fọwọ́ tẹ̀ mí lápá. Ó dúró sídìí omi pẹ̀lú gọ́ọ̀sì tó ṣì wà lójú rẹ̀ òsì, ó ń fi ìka tọ etí àwo kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ti mọ́, ó sì ń kọ́ ọmọ wa ní orin kan tí a kò gbọ́ rí. Nínú ilé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì ti rọ àjèjì kan lójú ọ̀nà Émáù pé kí ó bá wọn dúró nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, àlejò yẹn ló mú àkàrà, tó súre, tó bù ú, ọwọ́ tó fi bù ú ni wọ́n sì fi dá a mọ̀. Bí n bá kọ̀ fún ìyá náà, ọwọ́ òfo ni n bá fi jẹ́ kí ó lọ.

Mo wá dé orí ẹ̀sùn tí mo ní. Lóòótọ́ wọn kì í béèrè ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ìlànà ìgbìmọ̀ náà ni pé ẹnikẹ́ni tí ọmọ ìjọ kò bá mọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọwọ́ pásítọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní yàrá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ pé ọkùnrin kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ti pè ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọn kò ní ìwé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gba ìwé wá ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn sí. Ní òru ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kan náà, yàrá wa ṣófo. Aṣọ mímọ́ wà lórí ibùsùn, omi wà nínú jọ́ọ̀gì, ẹnikẹ́ni kò sì pè wá. Ó ṣì ń dùn mí. Mo máa ń rántí pé bẹ́ǹṣì ni wọ́n bá èmi náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa kò sì ju pé nọ́ọ̀sì kan kọjá lọ́dọ̀ mi.

N kò sọ pé ìbẹ̀rù ìgbìmọ̀ náà kò nídìí. Àlejò kan ti jí ohun ìní ní ilé kan rí kí a tó dara pọ̀ mọ́ wọn, ọmọ sì wà ní púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ìwé ìdánimọ̀ pàápàá kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìjọ: ní orí ìkẹyìn lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, Pọ́ọ̀lù fi arábìnrin kan tó ń jẹ́ Fébè lé wọn lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n gbà á bó ṣe yẹ ènìyàn mímọ́. Àwọn Kristẹni ìgbàanì tún mọ̀ pé ẹlẹ́tàn wà. Ìwé ìlànà wọn tí à ń pè ní Didache, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti wà láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, sọ pé kí àpọ́sítélì arìnrìn-àjò lo ọjọ́ kan, tàbí méjì bí ó bá pọn dandan, pé bí ó bá lo mẹ́ta, wòlíì èké ni. Arìnrìn-àjò lásán lè lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì wọ́n, tó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó ṣiṣẹ́ kí ó tó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n fi ìṣọ́ra sí. Wọ́n gba ènìyàn wọlé ná, wọ́n sì fi iye ọjọ́ àti ìwà rẹ̀ dán an wò. Ìgbìmọ̀ tiwa fi ìṣọ́ra sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tí kò ní pásítọ̀ tí yóò kọ̀wé fún un kò sì lè kọjá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló jẹ́ àjèjì jù lọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù àti ẹni tó kọ̀wé sí àwọn Hébérù lò fún àlejò ṣíṣe, philoxenia, ìfẹ́ sí àjèjì ni ó túmọ̀ sí. Ábúráhámù kò mọ orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó rí nínú ooru ọ̀sán. Láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀ ni ó ti sáré lọ pàdé wọn. Benedict ní tirẹ̀ ní kí ìtọ́jú tó jinlẹ̀ jù jẹ́ ti tálákà àti arìnrìn-àjò ìgbàgbọ́, nítorí pé ọlọ́rọ̀ kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ kí a tó bọ̀wọ̀ fún un. Ní orí 66 ẹ̀wẹ̀, ó ní kí àgbàlagbà ọlọgbọ́n kan jókòó sí ẹnu ibodè, tí yóò dáhùn pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run bí ẹnikẹ́ni bá ti kànkùn.

Àtúnṣe tí mo dábàá fún wọn nínú ìwé kò nira. Kí ìwé pásítọ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ lò ju òru kan lọ. Fún òru àkọ́kọ́, kí ìjọ ní ilé méjì tàbí mẹ́ta tí kò sí ọmọdé nínú wọn, tí àwọn onílé sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tí yóò gba ẹnikẹ́ni tó bá pè. Kí alábàárù wọn wá bá wọn sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ti rí ojú ara wa, ọ̀rọ̀ yòókù á sì rọrùn láti sọ.

Àwọn àléébù kéékèèké mìíràn wà. Wọ́n ń pa fóònù ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí yẹn ni ilé ìwòsàn ń lé ènìyàn jáde nígbà mìíràn. Wọn kì í sọ fún àlejò ṣáájú bóyá àtẹ̀gùn wà nínú ilé tí ó ń lọ, ohun tó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Èyí kò ju kí a kọ ọ́ sílẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó bá bá irú ètò yìí pàdé, yálà ti ìjọ yìí tàbí ti òmíràn, mo fọwọ́ sí i pé kí ó lò ó láìtijú, kí ó sì gba ìwé lọ́wọ́ pásítọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbéra bí ó bá ní pásítọ̀. Ìgbìmọ̀ náà ṣì ń ro àbá mi, wọn kò tíì fún mi lésì. Ẹni tí kò bá ní ìwé, kí ó pè kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ó sì sọ fún wọn pé ilé kan wà tó ti fi orúkọ sílẹ̀ pé òun yóò gba irú rẹ̀ fún òru àkọ́kọ́. Ọmọ wa yóò lọ sùn lọ́dọ̀ alábàárù wa ní irú òru bẹ́ẹ̀; ibùsùn, tábìlì, àga àti àtùpà ti wà nínú yàrá.